Ìwé, fóònù, dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí OBD: èwo ni kí onípíkọ́ọ̀pù Èkìtì fi ṣọ́ epo ọkọ̀ rẹ̀?

Ẹ bi ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìkọ̀lé wá sí Adó léèrè iye epo tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ, owó ni yóò fi dá yín lóhùn: "20,000 náírà ni mo máa ń rà." Kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lápò ló sọ. Ohun tí ẹ́ńjìnnì jẹ, kò tíì sọ ọ́. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tíì pé 200 náírà nílé epo ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti wọ nǹkan bí 500 náírà lọ́dọ̀ wa níbí, kí 2024 sì tó parí ó ti lé ní 1,000. Owó kan náà tó ń ra nǹkan bí 100 lítà wá di 40 lítà, ó sì tún di 20. Ẹni tó bá ń ka náírà nìkan á rò pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọjà ló yí. Òdìkejì rẹ̀ ló tún burú jù: ọkọ̀ ń bàjẹ́ lóòótọ́, ẹni tó ni ín sì ń di ẹ̀bi ru ọ̀wọ́n epo títí oṣù á fi gorí oṣù.

Lítà àti kìlómítà ni ìwọ̀n tí kì í bá ọjà yí. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wa láti fi ṣọ́ wọn: ìwé àti bírò, áàpù lórí fóònù, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, àti ẹ̀rọ OBD tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ sítíárìn láti fi ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ. Ibi tí mo dúró sí ni mo máa kọ́kọ́ sọ, kí ẹ má bàa máa wá a kiri. Fún ẹni tó ní ọkọ̀ kan tó sì ń wà á fúnra rẹ̀, ìwé ló dára jù. Fún ẹni tó fi ọkọ̀ lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, áàpù ni. Méjì tó kù wúlò gan-an fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ.

Láti kún dé kún

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, òfin kan náà ló gbé e dúró. Ẹ rọ epo kún táǹkì títí ẹnu pọ́ǹpù á fi já fúnra rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí mítà kìlómítà wà sílẹ̀. Ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ. Nígbà tí ẹ bá tún rọ ọ́ kún, lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì yìí ni ọkọ̀ jẹ láti ìgbà tó ti kún tẹ́lẹ̀. Ká ní mítà wà ní 84,210 nígbà àkọ́kọ́, tó sì wà ní 84,570 nígbà kejì, tí 45 lítà wọlé. Ìrìn 360 kìlómítà nìyẹn. Ẹ pín in sí 45, lítà kan gbé yín lọ ní kìlómítà 8.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n gba nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan yìí gbọ́. Pọ́ǹpù kì í já síbì kan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ọkọ̀ bá dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ẹni tó ń ta epo bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ tí ìfófòó fi tètè dé ẹnu táǹkì, lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣẹ́kù láìwọlé. Tó bá jẹ́ 10 lítà lẹ rà, lítà kan yẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọkọ̀ tó ń ṣe 8 sì lè fara hàn bíi 7 lé díẹ̀ lónìí, kó súnmọ́ 9 lọ́la, kí ohunkóhun má sì ṣe é. Tó bá jẹ́ 50 lítà, àṣìṣe náà di 2 nínú 100. Tó bá wá jẹ́ àpapọ̀ oṣù mẹ́ta, tí lítà tó wọlé jẹ́ 600, àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí nìkan ló kù, kò sì tó 1 nínú 100 mọ́. Bíi káàdì alájọ ló rí: àmì ọjọ́ kan kò sọ nǹkan kan fún yín nípa owó tí ẹ ní, àfi tí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n má ṣe gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí táǹkì kan ṣoṣo. Tí nọ́ńbà bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léra, lórí ojú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ẹrù tó jọra, ó ti di ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ló lè máa rọ epo kún. Ẹ máa ra ti 5,000, ẹ máa ra ti 10,000, bí owó bá ṣe wà. Ṣùgbọ́n lítà tí ojú pọ́ǹpù kọ ni kí ẹ kọ, kí owó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà kí ẹ sa ipá kí ó kún lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lọ́jọ́ náà, ẹ ro gbogbo lítà tó ti wọlé láti ìgbà tó kún kẹ́yìn pọ̀, títí kan ti ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì pín kìlómítà tí ẹ rìn sí iye rẹ̀. Àpapọ̀ ni kí ẹ pín. Ẹ má ṣe kó àbájáde jọ kí ẹ tún wá pín wọn. Ká ní ọkọ̀ rin 100 kìlómítà pẹ̀lú 20 lítà nínú ẹrẹ̀ oko, ìyẹn 5 sí lítà kan. Ó tún rin 500 kìlómítà pẹ̀lú 50 lítà lójú títì, ìyẹn 10. Ẹni tó bá da 5 àti 10 pọ̀ tó pín in sí méjì á ní 7.5. Òótọ́ ibẹ̀ ni 600 kìlómítà tí a pín sí 70 lítà, ó sì jẹ́ 8.6.

Ohun kan ṣì wà tó ń ba ìṣirò jẹ́ níbí ju àwọn ibòmíràn lọ. Epo tí wọ́n fà jáde nínú táǹkì sínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ, ọkọ̀ kò jẹ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Bákan náà ni epo inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ rà pamọ́ nígbà ọ̀wọ́n: ọjọ́ tó wọ táǹkì ni kí ẹ kọ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ìwé | Áàpù | Dáṣíbọ́ọ̀dù | OBD |
|---|---|---|---|---|
| Ibi tó ti ń rí lítà | Ojú pọ́ǹpù | Ojú pọ́ǹpù | Ó ń ṣírò ohun tí ìńjẹ́tọ̀ (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) fọ́n | Ó ń ṣírò rẹ̀ láti ara afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ́ńjìnnì |
| Ọkọ̀ tó bá mu | Gbogbo ọkọ̀ | Gbogbo ọkọ̀ | Àwọn tó dé láìpẹ́ nìkan | Ọkọ̀ tó ní ihò OBD-II |
| Ìrántí ọdún kan | Ó wà, bí ìwé kò bá sọnù | Ó wà, bí ẹ bá ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ | Kò sí | Kò ṣe é gbára lé |
| Iṣẹ́ tó mọ̀ jù | Òótọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ | Òótọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ọkọ̀ púpọ̀ | Títọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ sọ́nà | Wíwá ibi tó ń ṣe ọkọ̀ |

Ìwé àti bírò

Ìwé kékeré kan nínú páálí ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù, bírò tí a so mọ́ ọn. Ẹ fa ìlà mẹ́fà: ọjọ́, mítà, lítà, owó, ilé epo, ẹrù. Lábẹ́ ẹrù, lẹ́tà kan tó: Ò fún òfìfo, D fún díẹ̀, K fún kíkún. Ẹni tó bá ń gbé sìmẹ́ńtì lè kọ iye àpò, nítorí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kílò, 20 àpò sì jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gééré.

Ìlà ilé epo yẹn ṣe pàtàkì. Bí ọkọ̀ yín bá ń ṣe 8 pẹ̀lú epo ilé epo méjì, tó wá ń ṣe 7 ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà á níbì kẹta, ẹ kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ yí ibi tí ẹ ti ń rà á padà, kí ẹ sì wo bí nọ́ńbà á ṣe ṣe. Owó nìkan kò lè fi èyí hàn yín láéláé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé ni àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti kọ "yí púlọ́ọ̀gì", "táyà tuntun méjì", "tún bíréèkì ẹ̀yìn ṣe". Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà rọra ń sọ̀ kalẹ̀, tàbí pé ó já lójijì lẹ́yìn ọjọ́ kan pàtó. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Èyí tó rọra ń sọ̀ sábà máa ń jẹ́ púlọ́ọ̀gì tó ti gbó tàbí afẹ́fẹ́ táyà tó ń dín kù. Èyí tó já lójijì, bíréèkì tó di mọ́ táyà tàbí sẹ́ńsọ̀ tó kú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbé ìwé náà fún mẹkáníìkì yín kó kà á. Yóò dín iye ohun tó máa tú kù.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìṣirò. Òjò sì lè bà á jẹ́. Ẹ máa fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé tó bá ti kún.

Áàpù lórí fóònù

Nínú àwọn áàpù tó wà, Fuelio ni mo máa ń tọ́ka sí, nítorí ó mọ epo tí kò kún táǹkì. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ pé ẹ kò rọ ọ́ kún, yóò sì dúró de ìgbà tó bá kún kó tó ṣírò. Ó ń gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sí Google Drive, torí náà bí fóònù bá sọnù lọ́jà, ọdún yín kò bá a lọ.

Ibi tí áàpù ti borí ìwé pátápátá ni ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ní gbogbo ìgbà tó bá ra epo, kó ya fọ́tò méjì kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ojú pọ́ǹpù àti ojú mítà ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù nílé. Kò dà bí ẹni pé ẹ ń fura sí i, nítorí àkọsílẹ̀ náà ń gbèjà òun pẹ̀lú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń pe awakọ̀ lólè epo, tó wá jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń jẹ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín" dùn ún sọ nígbà tí nọ́ńbà bá wà lọ́wọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìwọ̀n tí áàpù ń lò. Píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń ka máìlì, máìlì kan sì jẹ́ 1.609 kìlómítà. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ 3.785 lítà, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọkọ̀ kan ń ṣe máìlì 20 sí gálọ́ọ̀nù, ti Amẹ́ríkà ni kìlómítà 8.5 sí lítà, ti Gẹ̀ẹ́sì ni 7.1. Ẹ bi olúwa rẹ̀ pé èwo.

Dáṣíbọ́ọ̀dù

Ọkọ̀ tó bá ní in, ẹ máa wò ó. Ó ń kọ́ ẹsẹ̀: bí ẹ bá ṣe ń tẹ ẹ́ gun òkè, nọ́ńbà ń sáré burú lójú yín, ẹ ó sì kọ́ láti fi gíá tó yẹ gùn ún. Ṣùgbọ́n ìṣirò ló ń ṣe, kì í wọn epo, ó sì sábà máa ń sọ pé ọkọ̀ ń ṣe dáadáa ju bó ṣe ń ṣe lọ. Bí bátìrì bá já, ìrántí rẹ̀ lè lọ. Ẹ fi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù kan. Tó bá ń fi 5 nínú 100 ju ti ìwé lọ, ẹ ó ti mọ iye tí ẹ máa yọ.

OBD

Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ OBD-II di dandan fún ọkọ̀ tuntun. Nítorí náà píkọ́ọ̀pù Tacoma tàbí Frontier tó bá tibẹ̀ wá lẹ́yìn ìgbà náà ní ihò rẹ̀ lábẹ́ sítíárìn. Datsun àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀ láti po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kò ní in. Ẹ̀rọ kékeré ELM327 ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, Bluetooth á gbé e wá sí áàpù bíi Torque lórí fóònù.

Kì í rí epo. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ló ń kà, ó sì mọ̀ pé bẹntiróòlù kílò kan nílò nǹkan bíi 14.7 kílò afẹ́fẹ́ láti jó dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń ṣírò. Bí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ bá dọ̀tí, nọ́ńbà á parọ́. Bó bá sì jẹ́ dísù ni ọkọ̀ yín ń lò, ìṣirò yẹn kò bá a mu rárá, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì dísù ń gbà kì í dúró lójú kan sí epo rẹ̀.

Ibi tí OBD ti ń gba owó rẹ̀ padà ni nígbà tí ìwé bá ti sọ fún yín pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀. Yóò fi hàn bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi epo kún epo ní gbogbo ìgbà, èyí tó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú. Yóò tún fi ìgbóná omi hàn: tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìrìn gígùn omi kò tíì gbóná dé ibi tó yẹ, tamọ́sítáàtì, ìyẹn ìdérí tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, ti là sílẹ̀ tàbí wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ni wọ́n ti yọ tamọ́sítáàtì wọn pé ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó, ó ń mu epo. Ẹ dá a padà.

Nọ́ńbà wo ni kí ẹ máa fi wéra?

Gbogbo wa mọ kìlómítà sí lítà. Fún ẹni tó ń gba iṣẹ́, lítà fún 100 kìlómítà ló dára jù, ó sì rọrùn lọ́dọ̀ wa: Adó sí Àkúrẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 50 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ 100. Ọkọ̀ tó ń ṣe 8 sí lítà kan ń jẹ 12.5 lítà fún àlọ-àbọ̀ Àkúrẹ́. Ẹ fi iye owó lítà òní sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bá oníbàárà sọ.

Ó tún ń tú àṣírí kan. Bí ọkọ̀ tó ń ṣe 6 sí lítà bá di 7 lẹ́yìn àtúnṣe, ó ti kúrò ní 16.7 lítà fún 100 kìlómítà sí 14.3, 2.4 lítà ló dúró sápò yín. Bí ọkọ̀ tó ń ṣe 10 bá di 11, ó kúrò ní 10 lítà sí 9.1, kò tó lítà kan. Kìlómítà kan ni méjèèjì fi sàn sí i, ṣùgbọ́n èrè wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ méjì, èyí tó ń jẹun jù ni kó kọ́kọ́ tún ṣe.

Ohun tó ń tan nọ́ńbà jẹ

Òkè ni àkọ́kọ́. Ọ̀nà Adó sí Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè kò jọ ọ̀nà Ìkéré rárá, pàápàá tí ọkọ̀ bá ru ẹrù. Ẹ fi oṣù òjò wé oṣù òjò ọdún tó kọjá, ẹ má fi wé ọyẹ́, nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ń mú kí ọkọ̀ lo gíá kékeré ní gbogbo ìgbà.

Táyà ni ìkejì, ó sì ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá yọ táyà tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ 225/70R15, tí ẹ fi 235/75R15 sí i, táyà náà ti fi bíi 5 nínú 100 tóbi sí i. Ọkọ̀ yóò rin 105 kìlómítà, mítà á kọ 100. Ọkọ̀ tó ń ṣe 8 á fara hàn bíi 7.6, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi Google Maps rin ọ̀nà gígùn kan kí ẹ rí ìyàtọ̀ náà, kí ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́. Ní ti afẹ́fẹ́ inú táyà, psi kan (ìwọ̀n tí vọ́kanáísà fi ń ka afẹ́fẹ́) tó bá dín lára gbogbo táyà ń ná yín ní nǹkan bíi 0.2 nínú 100. 10 psi tó dín jẹ́ 2. Kò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni.

Fítà afẹ́fẹ́ tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi lásìkò ọyẹ́, nínú ọkọ̀ ìńjẹ́tọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ọkọ̀ jẹ epo sí i. Agbára ọkọ̀ ló ń dín kù. Ti kabúrétọ̀ ni ó máa ń jẹ epo nítorí fítà tó dí.

Tí mítà ọkọ̀ bá ti kú

Èyí pọ̀ lára píkọ́ọ̀pù wa, kò sì sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí tó lè ṣiṣẹ́ láìsí kìlómítà. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, wáyà sípídò tó já ni. Nínú èyí tó dé lẹ́yìn, sẹ́ńsọ̀ tó wà lára gíábọ́ọ̀kìsì tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ ní kí rewaya, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wò. Kí wọ́n tó ṣe é tán, ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ máa ń gbà léraléra, ẹ fi fóònù wọn jíjìn rẹ̀, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tí ẹ bá gbà á láàárín kún méjì. Tó bá jẹ́ pé mítà tòkúnbọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò èyí tó kú, ẹ fa ìlà gbọọrọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ohun tí mítà àtijọ́ dúró sí àti ohun tí mítà tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ sì rọ epo kún lọ́jọ́ kan náà.